QGIS ní Ògbómọ̀ṣọ́: sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń ya ìlú

Ọmọ kan tó ti kàwé gboyè lọ́wọ́ wa pè mí láti Ọ̀yọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti ríṣẹ́, mo sì bá a yọ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kó ya àwòrán àdúgbò kan, kó fi ilé, ọ̀nà àti ojú àgbàrá hàn. Ó wá bi mí pé, "Mà, ṣé kí n sọ fún ọ̀gá mi pé kí wọ́n ra sọ́fítíwíà olówó ńlá yẹn ni, àbí QGIS tí ẹ fi kọ́ wa náà ti tó?" Mo ní ó ti tó. Ó ní ṣé ó dá mi lójú. A wà lórí fóònù títí owó ìpè fi tán, ọ̀rọ̀ ò sì tíì tán lẹ́nu mi. Ìyókù rẹ̀ ni mo kọ síbí, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń bèèrè.

Ètò ìlú ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ìgbà tí ẹ̀dà 3.0 ti jáde ní 2018 ni mo ti ń lo QGIS ní kíláàsì, òun náà ni mo sì fi ń ṣe ìwádìí tèmi lórí bí ìlú yìí ṣe ń gbòòrò. Kí n tó mọ̀ ọ́n, àdàkọ sọ́fítíwíà olówó tí àwọn kan jí la fi ń kọ́ni. Gbogbo wa la mọ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Bó bá pẹ́ díẹ̀, á kọ̀ kò ní ṣí mọ́. Nígbà míì fáírọ́ọ̀sì á bá a wọlé, á pa iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ rẹ́ nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la. Ó máa ń dùn mí pé iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ọmọ fi ṣe ìlú lóore, olè jíjà ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún un.

Gary Sherman ló bẹ̀rẹ̀ QGIS ní Alaska ní 2002. Quantum GIS ni wọ́n ń pè é nígbà náà, ọdún 2013 ni wọ́n gé orúkọ rẹ̀ kúrú. Àwọn tó mọ kóòdù kọ káàkiri ayé ló ń tún un ṣe títí dòní. Àṣẹ tí wọ́n fi gbé e jáde fún ọ láyè láti lò ó, láti dà á kọ fún ọ̀rẹ́ rẹ, kódà láti tú inú rẹ̀ wò bó bá wù ọ́. Fún èmi tí mò ń kọ́ni níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń ṣe ségesège, ti pé mo lè dà á kọ yìí ló jọ mí lójú jù. Fáìlì rẹ̀ fún Windows ti lé ní 1GB báyìí. Bí mo bá ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ fi dátà ara rẹ̀ gbé e wálẹ̀, owó oúnjẹ ni wọn yóò fi ra dátà náà. Èmi ni mò ń gbé e wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lóru, fláàṣì mẹ́ta ló sì ń gbé e yí kíláàsì ká. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tí kò ní.

Ẹ̀dà tí wọ́n ń pè ní LTR ni kí ẹ mú. Ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, ohun tí mo bá kọ sí pátákó ní oṣù kìíní ni ọmọ yóò ṣì rí lójú kọ̀ǹpútà ní oṣù kẹfà. Láptọ́ọ̀pù tí RAM rẹ̀ jẹ́ 8GB ló máa ń ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Ti 4GB náà á gbé e, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti kó àwòrán sátẹ́láìtì sí i, ẹ lè lọ wẹ̀ kí ẹ padà wá. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá ti gbó débi pé 32-bit ni, 3.16 ni ẹ̀dà tó parí sí fún un, ó ṣì ṣeé fi kọ́ ìpìlẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ní kíláàsì, n kì í tan kọ̀ǹpútà rárá. Ọ̀rá mẹ́ta tó mọ́ gaara, irú èyí tí wọ́n fi ń bo ìwé, ni mo máa ń mú lọ pẹ̀lú máákà. Màá ya ọ̀nà sórí ọ̀kan, màá ya ilé sórí èkejì, màá ya odò sórí ẹ̀kẹta. Màá gbé wọn sókè síwájú fèrèsé níkọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà màá tò wọ́n léra. Ibẹ̀ ni ẹnì kan á ti pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Mà, ilé yẹn wà lójú odò!" Ohun tí léyà ń ṣe nínú QGIS nìyẹn. Ẹni tó bá ti rí i lára ọ̀rá kì í gbàgbé.

Màá wá sọ ìtàn dókítà John Snow fún wọn. Ní 1854, àìsàn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Soho ní ìlú London. Snow ya ilé àwọn tó kú sórí àwòrán àdúgbò, ó ya ẹ̀rọ omi tí wọ́n ń fà sí i, ó sì rí i pé àwọn òkú pọ̀ yí ẹ̀rọ Broad Street ká. Kò ní kọ̀ǹpútà. Ó ní ìwé, ó ní ẹsẹ̀ tó fi rìn, ó sì ní ìbéèrè. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé àwa náà ní kànga.

Iṣẹ́ tí mo máa ń fún wọn ní sáà kejì nìyẹn: kànga àti ṣáláńgá. Àwọn onímọ̀ ìmọ́tótó sọ pé ó kéré tán, kí 30 mítà wà láàárín ṣáláńgá àti kànga tí èèyàn ń pọn mu. Nínú agboolé àtijọ́ tí ilé ti fẹnu kora, níbo ni 30 mítà ti fẹ́ jáde? Mo fẹ́ kí ọmọ tó máa fọwọ́ sí pláànù ilé lọ́la fojú ara rẹ̀ rí i lónìí.

QField ni wọ́n máa ń gbé sórí fóònù Android wọn. Òun àti QGIS jọ ń ṣiṣẹ́ ni, kò sì nílò netiwọ́ọ̀kì níbi tí wọ́n bá ti ń kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n á dúró ti kànga, wọ́n á tẹ fóònù, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á kọ bóyá ó ní ìdérí. Kí ẹ mọ̀ pé GPS fóònù lè fi bíi mítà márùn-ún ṣìnà níta gbangba, láàárín ògiri ó ń burú jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, níbi tí kànga àti ṣáláńgá bá ti súnmọ́ra, tépù ni mo ní kí wọ́n fà. Ọ̀kan tí èmi fúnra mi di orí tépù rẹ̀ mú, 9 mítà ni. Ìgbálẹ̀ kan wà láàárín méjèèjì, wọ́n fi ti ògiri, ọmọdé kan sì ń pọn omi lọ́wọ́.

Ní Ìsàlẹ̀-Afọ́n lọ́jọ́ kan, ìyá àgbàlagbà kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀gúsí. Ó rí wa tí a ń nawọ́ fóònù síhìn-ín sọ́hùn-ún. A kí i. Ó dáhùn, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé ilé wa lẹ fẹ́ wó ni?" Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Rárá o, ìyá. Ilé ìwé la ti wá. Kànga la ń kà." Ó ní, "Báyìí náà ni àwọn tó fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri ìta ọ̀hún ṣe wí." Mo ṣí fóònù hàn án, mo fi ibi tí a wà hàn án, mo ní kó sọ orúkọ agboolé wọn fún wa kí a lè kọ ọ́ síbẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró, ó mú wa gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá sí àgbàlá ẹ̀yìn. Kànga kan wà níbẹ̀ lábẹ́ páànù, wọ́n fi táyà mọ́tò àti pákó dé e. Òkè ò lè rí i, ojú títì ò lè rí i. Ìdílé mẹ́ta ló ń mu ún. Àwọn ọmọ mi ti kọjá iwájú ilé yẹn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí kànga.

Nígbà tí a délé tí a kó gbogbo rẹ̀ sínú QGIS, ọmọ kan ní kó fi 30 yí kànga kọ̀ọ̀kan ká. Irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Buffer ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, àwòrán Ògbómọ̀ṣọ́ pòórá. Ó fà á sẹ́yìn, ó fà á sẹ́yìn, títí Áfíríkà fi hàn: òbírí náà bo Sàhárà, ó ré etíkun Algeria kọjá sínú òkun. Dígírì ni léyà rẹ̀ ń lò. 30 dígírì ló fún un, dígírì kan sì lé ní 110 kìlómítà. Mo jẹ́ kí gbogbo kíláàsì wò ó dáadáa kí n tó sọ ohunkóhun. Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní zone 31 ní ìhà àríwá nínú ètò UTM, èyí tó ń fi mítà wọn ayé dípò dígírì, nọ́ńbà rẹ̀ nínú QGIS ni EPSG:32631. Ẹ yí léyà yín sí i kí ẹ tó wọn ohunkóhun ní mítà. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sẹ́yìn ìwé.

Èmi náà ti jẹ ìyà nọ́ńbà yìí rí, tèmi sì burú jù ú lọ nítorí ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Bàbá kan ní àdúgbò wa mú pláànù ilẹ̀ rẹ̀ wá, èyí tí sọ̀fíyọ̀ ti yà fún un tipẹ́. Ó fẹ́ kí n bá òun wo ibi tó bọ́ sí lójú àwòrán òde òní. Mo tẹ àwọn nọ́ńbà òpó rẹ̀ sínú QGIS, mo yan 32631 tí ọwọ́ mi ti mọ́ lára, ilẹ̀ bàbá bá bọ́ sórí ilé ẹlòmíì. Mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti dé ẹnu ọ̀nà mi. "Tísà, oorun ò kun ojú mi lóru àná." Mo tún gbé pláànù náà, mo wò ó láti igun dé igun, mo wá rí ọ̀rọ̀ kékeré kan nísàlẹ̀: Minna.

Òpó kan wà ní Minna, L40 ni wọ́n ń pè é, láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn ilẹ̀ Nàìjíríà láti ayé àwọn òyìnbó. Bí ayé ṣe rí nínú ìṣirò tiwọn yàtọ̀ sí bó ṣe rí nínú ìṣirò GPS. Bí ẹ bá mú nọ́ńbà Minna, tí ẹ pè é ní ti GPS, ilẹ̀ á ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ ju 100 mítà lọ. Pọ́lọ́ọ̀tì 50 by 100 ẹsẹ̀ bàtà, ìbú rẹ̀ ò ju bíi mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó ju ìbú pọ́lọ́ọ̀tì mẹ́fà lọ. EPSG:26331 ló yẹ kí n yàn. Mo yàn án, QGIS bi mí irú ìyípadà tí mo fẹ́ kó lò láti Minna sí ti GPS, ó sì kọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe péye tó síwájú rẹ̀. Ilẹ̀ bàbá padà sáàárín ògiri tó mọ. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ó dárí jì mí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọmọ tó gba ọ̀dọ̀ mi kọjá tí kò ní kọ́kọ́ ka igun pláànù kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Pé sọ́fítíwíà náà bi mí ní ìbéèrè dípò kó dá a yàn fún mi, mo kà á sí oore ńlá.

Ìwádìí tèmi lórí bí ìlú ṣe ń gbòòrò, òrùlé ló fi ojú mi rí màbo. Mo fẹ́ fi àwòrán sátẹ́láìtì wo bí ilé akẹ́kọ̀ọ́ ṣe gba oko lápá Under-G àti Adéníkẹ̀ẹ́. Àwòrán wà lọ́fẹ̀ẹ́. Landsat ti Amẹ́ríkà ti ń ya ayé láti 1972, wọ́n sì ṣí àpótí rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2008. Sentinel-2 ti Yúróòpù gòkè ní 2015, èkejì rẹ̀ tẹ̀ lé e ní 2017. Ẹyọ àmì kékeré kan (pixel) lára àwòrán Landsat gba 30 mítà ilẹ̀ níbùú lóròó, ti Sentinel-2 gba 10. Mo kó wọn sínú QGIS, mo ní kó ya ilé sọ́tọ̀ kúrò lára igbó àti ilẹ̀ lásán. Nígbà tó parí, àyà mi já. Ó ní ilẹ̀ lásán ni àárín ìlú lápá Ọjà-Igbó, níbi tí ilé ti dúró láti ayébáyé. Ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi katakata tú lẹ́yìn ìlú, ó ní ilé ni.

Mo kọ́kọ́ rò pé mo tẹ nǹkan kan ṣì ni. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ kan mo lọ kí ẹnì kan nílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo dúró sí òkè, mo ń wo ìsàlẹ̀, ó wá yé mi. Páànù tó lọ salalu níwájú mi ti dípẹtà. Àwọ̀ wọn àti àwọ̀ erùpẹ̀ ọ̀nà tó wà láàárín wọn, ọgbọọgba. Irin tó dípẹtà ló wà lórí ilé, irin tó dípẹtà náà ló sọ erùpẹ̀ wa di pupa. Sátẹ́láìtì ò purọ́ fún mi.

Ohun tó là mí ni pé mo mú àwòrán oṣù méjì dípò ẹyọ kan. Ilẹ̀ tó gbẹ ní oṣù kejì á ti hu koríko tó bá di oṣù karùn-ún, òrùlé kì í hu koríko. Mo tún ya páànù tuntun àti páànù tó dípẹtà sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, n kò pe méjèèjì ní orúkọ kan náà mọ́. Wíwá ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ ló le, nítorí bí òjò bá wọlé, ìkùukùu á bò ó, bí ọyẹ́ bá dé, eruku á ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ó dára pé Sentinel-2 méjèèjì ń padà wá sí ojú kan náà lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, èèyàn á ṣà á títí yóò fi rí èyí tó dáa. Ìwé tí mo ti kà lórí irú iṣẹ́ yìí, ìlú tí òrùlé wọn jẹ́ kọnkéré tàbí táìlì ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí lórí ìlú Yorùbá, kó kọ́kọ́ wo páànù.

Ọ̀nà àti ilé tí àwọn èèyàn ti yà sórí OpenStreetMap, àwòrán ayé ọ̀fẹ́ tí gbogbo èèyàn jọ ń yà, wúlò púpọ̀, QuickOSM, irinṣẹ́ àfikún inú QGIS, á fà wọ́n wálẹ̀ fún yín láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Títì ńlá pé síbẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé inú agboolé ni ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ wá, kí ẹ sì yà á padà sórí rẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn dátà ilé tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yà láti ojú òfurufú wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bí òrùlé bá ti wọnú ara wọn, ẹ̀rọ lè pe agboolé odidi ní ilé kan. Ẹ má fi wọ́n ka iye ìdílé.

Ibi tí QGIS ti ń pa àwọn ọmọ lẹ́kún jù lọ: fáìlì iṣẹ́ tí ẹ tọ́jú, èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .qgz, kò gbé dátà dání. Ó kàn ń rántí ibi tí ẹ kó dátà sí ni. Ọmọ á dà á kọ sórí fláàṣì, á dé kíláàsì, á ṣí i, gbogbo léyà á sọnù. Ó dà bí ẹni tó gbé ìdérí ìkòkò wá síbi ìnáwó, tó fi ọbẹ̀ sílé. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú fódà kan, tàbí kí ẹ kó wọn sínú GeoPackage ẹyọ kan, òun lè gba léyà àti iṣẹ́ náà pọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ dúró ti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Mo ya àwòrán kan ní 1:2,500, kí sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fún mi sún un kì kó lè gba inú ìwé, kò sì sọ fún mi. Nọ́ńbà náà ṣì wà níbẹ̀ gàdàgbà, irọ́ ló ń pa. Ẹ máa fi ọ̀pá ìwọ̀n sí i nígbà gbogbo, nítorí bí àwòrán bá kéré, òun náà á bá a kéré, ẹ ṣì lè fi rúlà wọn ilẹ̀ láti ara rẹ̀.

Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún un fún kíkọ́ni. Fún ìwádìí, mo fún un ní mẹ́rin ààbọ̀, ààbọ̀ tó kù jẹ́ nítorí pé ẹni tó ń dá kọ́ ọ yóò kọ́kọ́ sọnù láàárín àwọn bọ́tìnì rẹ̀, ó sì dára kí ó ní ẹni tí yóò fi ọ̀nà hàn án lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́.

Mo ti sọ fún ọmọ Ọ̀yọ́ yẹn pé kó wá lọ́jọ́ Sátidé. Fláàṣì rẹ̀ ti wà lórí tábìlì mi, mo ti kó ẹ̀dà LTR sí i, àwòrán oṣù kejì àti ti oṣù karùn-ún, àti ìwé kan tí mo kọ 32631 àti 26331 sí pẹ̀lú gègé pupa.